Ẹ Má Sáré Kó Owó Lé Báńkì Òkèèrè Torí Pé Wọ́n Ṣí Ọjà

Bí orílẹ̀-èdè kan bá ti ṣí ọjà owó rẹ̀ sílẹ̀, tí báńkì òkèèrè wọlé, kíá ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé iṣẹ́, á ti máa sá tẹ̀lé orúkọ ńlá. Ìwé ìṣirò owó àwọn báńkì wọ̀nyí ni mò ń kà jẹun. Ó ti sú mi láti máa wo owó tó ń ṣòfò. Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí rèé.

1. Rírò pé àjèjì ń jèrè ju onílé lọ níbi gbogbo. Ìwádìí Stijn Claessens, Asli Demirgüç-Kunt àti Harry Huizinga tó jáde ní 2001, lórí orílẹ̀-èdè 80, rí i bẹ́ẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà. Ní ilẹ̀ olówó, òdìkejì rẹ̀ ni.

2. Gbígba òfin bí ẹni pé ọjà ti dé ọwọ́. Ṣáínà jẹ́ kí àjèjì máa bá aráàlú ṣòwò yuan, owó ilẹ̀ náà, láti Oṣù Kejìlá 2006. Síbẹ̀, ìpín wọn nínú ohun ìní gbogbo báńkì ibẹ̀ kò tó ìdá 3 nínú 100.

3. Fífi báńkì tí wọ́n rà wé èyí tí wọ́n dá sílẹ̀. Nígbà tí Citigroup ti Amẹ́ríkà san bílíọ̀nù 12.5 dọ́là ra Banamex ní Mẹ́síkò ní 2001, oníbàárà àti ẹ̀ka ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òfo á kọ́kọ́ náwó ná.

Ó wá ku èyí tó ń bí mi nínú jù. Bí mo bá ti mẹ́nu bà á, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ a dìde kúrò nídìí tábìlì. Ẹ kì í béèrè irú owó tí báńkì ń gbà pamọ́, àti irú èyí tó ń yáni! Ní Ajẹntínà, láti 1991, òfin so pésò 1 mọ́ dọ́là 1. Aráàlú fi dọ́là pamọ́, báńkì yá dọ́là fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní pésò, ìwé ìṣirò sì ń dán. Ìgbà tí okùn já ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, ìjọba sọ dọ́là 1 tí wọ́n yá di pésò 1, ṣùgbọ́n dọ́là 1 tí aráàlú fi pamọ́ di pésò 1.40. Ọrùn báńkì ni àlàfo náà kọ́kọ́ já lé. Scotiabank ti Kánádà àti Crédit Agricole ti Faransé kó ẹrù wọn lọ́dún náà. Ṣé ìmọ̀ iṣẹ́ ló tán nínú wọn lóru ọjọ́ kan?

Họ́ńgárì náà ńkọ́? Fránkì Switzerland ni wọ́n ń yá ẹni tó ń kọ́lé. Ìjọba gbé owó orí pàtàkì lé báńkì ní 2010. Ní 2014, òfin sọ gbèsè ilé wọ̀nyẹn di fórínti, owó Họ́ńgárì.

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé èrè báńkì kan wá bá mi, ó ń fò sókè lọ́dọọdún, ní owó orílẹ̀-èdè tí báńkì náà lọ ṣòwò. Mo ní kó yí i sí owó ilé tí báńkì ti wá. Ó ti ń lọ sílẹ̀ ni. Ó sì ti ra ṣíà náà kó tó bi mí.

Gbèsè tuntun kì í tètè bàjẹ́, torí náà ẹ má yin ìwé ọdún kìíní.

Ẹ wo òbí báńkì náà pẹ̀lú, ìyẹn báńkì ńlá tó ni ín nílé. Ní 2009, ìnira bá àwọn òbí ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù. IMF (àjọ ìṣúná owó àgbáyé) àti EBRD (báńkì ìdàgbàsókè ti Yúróòpù) wà lára àwọn tó pè wọ́n jókòó ní Vienna, ní Austria, kí wọ́n lè ṣèlérí pé àwọn ò ní fa owó àwọn yọ ní Romania àti Serbia.