Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ohun tó yẹ kó wọ inú ìtàn kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ìtàn kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi "ta ló kọ́kọ́ ṣe é" sílẹ̀ ná, ìjà tí ò lè parí ni. Konrad Zuse, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, parí ẹ̀rọ Z3 ní Berlin lọ́dún 1941, àwọn ará Bletchley Park, ibi tí ìjọba Britain ti ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ ọ̀tá nígbà ogun, ti ń lo ẹ̀rọ Colossus lọ́dún 1944, wọ́n ṣí ẹ̀rọ ENIAC fáyé rí ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1946, Yunifásítì Manchester ní England náà gbé tiwọn jáde lọ́dún 1948, kò sì sí èyí tí ò ní alágbàwí. Ó tiẹ̀ dé kóòtù l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1973 adájọ́ wọ́gi lé páténtì ENIAC, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àwọn ló ṣẹ̀dá ẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ John Atanasoff, tó ti ń ṣe ẹ̀rọ ìṣírò tiẹ̀ ṣáájú wọn, ni wọ́n ti rí lára ọgbọ́n yẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú, òun ló máa bá yín ṣa nǹkan. Tèmi ni: kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí ṣe, ta ló sì sanwó ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ti bi í báyìí, ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1890 gbọ́dọ̀ wọlé nìyẹn, torí ti 1880 pẹ́ jù kí wọ́n tó kà á tán ni wọ́n ṣe gba káàdì oníhò tí ẹ̀rọ Herman Hollerith ń kà. Lyons náà á wọlé, àwọn tó ń ta tíì àti kéèkì ní England o, àwọn fúnra wọn ló kọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní LEO, nígbà tó fi máa di 1951 ó ti ń bá wọn ṣírò owó ilé búrẹ́dì. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ti Apple lọ, ẹ má bínú.

Ẹ wá wo àwọn tó ṣiṣẹ́ gan-an. Obìnrin mẹ́fà ló ń to wáyà àti súìṣì ENIAC kó tó lè ṣírò ohunkóhun, Betty Jennings àti Betty Snyder ló ṣètò ìṣírò tí wọ́n fi han aráyé, síbẹ̀ wọn ò pè wọ́n síbi oúnjẹ alẹ́ tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ẹ̀. Ẹ tún máa wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kà, torí ìjọba Britain fi Colossus pa mọ́ títí di àwọn ọdún 1970, ìwé tó ti jáde ṣáájú ìgbà yẹn ò lè mọ Tommy Flowers tó kọ́ ẹ̀rọ náà.

Èwo lẹ máa yọ? Orúkọ módẹ̀lì jàn-ànràn-jan-anran. Ẹ yọ ọ́ wò, tí ìdáhùn ìbéèrè yín ò bá yí padà, kó máa lọ. Tó bá jẹ́ ìlò aráàlú lẹ̀ ń tọ́ka sí, M-Pesa, ètò fífi fóònù fowó ránṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Kenya lọ́dún 2007, yẹ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù lọ, fóònù kékeré ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ka owó yẹn.

Ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí náà, ẹ mú un kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò ní fọwọ́ kan nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ariwo ọjà ṣì pọ̀ níbẹ̀.