Bẹ́ ẹ ṣe máa gbọ́ Musical Brownies tó bá jẹ́ jùjú letí yín mọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn jùjú bíi tèmi, ẹ wá gbọ́ orin Western swing láti Texas, ìyẹn orin ijó tí wọ́n ti po fáólíìnì àti gìtá ará oko mọ́ jáàsì. Bob Wills lorúkọ ẹ̀ ròkè jù, kò burú, àmọ́ ọ̀dọ̀ Milton Brown, akọrin tó ni báńdì Musical Brownies, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Íyápíìsì lẹ máa fi gbọ́ ọ o, torí àwo àtijọ́ ni, bésì ẹ̀ ò ní jáde nínú sípíkà fóònù rárá, ká má tiẹ̀ sọ inú dánfó l'Ójúẹlẹ́gba. Èmi máa ń dúró d'òru ni níbí ní Ṣómólú, tí gbogbo jẹnẹréètọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1930 ni Milton àti Bob Wills pàdé ní Fort Worth, nígbà tó yá wọ́n jọ ń kọrin lórí rédíò láti fi polówó ìyẹ̀fun, Light Crust Doughboys ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀gá tó ń darí wọn, W. Lee O'Daniel, ò fẹ́ kí wọ́n máa lọ ṣeré níbi ijó, owó náà ò sì tẹ́ Milton lọ́rùn, ló bá bínú kúrò ní 1932, ó dá Musical Brownies sílẹ̀. Ẹni tó bá ti bá báńdì ṣeré òru l'Ékòó rí á mọ bí irú ẹ̀ ṣe ń dunni. Derwood àbúrò ẹ̀ ń ta gìtá, Cecil Brower mú fáólíìnì, Fred Calhoun sì ń tẹ pianó bí àwọn onijáàsì. Crystal Springs nílé ijó wọn.

Ibi tó dùn jù rèé. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àwọn tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ àwo Bluebird ní 1934, ẹ wá bọ́ sí èyí tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ àwo Decca ní Chicago, oṣù kìíní 1935. Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀: Bob Dunn ti dé! Orí itan ló ń gbé gìtá ẹ̀ lé, irin ló fi ń yọ́ lórí okùn, ó tún so ó mọ́ amplifier, nígbà tí gìtá oníná ṣì ṣàjèjì létí aráyé. Ẹ gbọ́ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan fún bésì Wanna Coffman nìkan, ẹ̀ẹ̀kejì fún Dunn. Kì í fa ohùn gùn, ṣe ló ń gé e kéékèèké bí ẹni ń fun fèrè. Tẹ́ ẹ bá parí ìyẹn, ẹ lọ gbọ́ Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù, tó ta irú gìtá onírin bẹ́ẹ̀, nínú àwo tí King Sunny Adé ṣe fún ilé iṣẹ́ àwo Island ní 1982. Gìtá Dẹ́mọ́lá ní pẹ́dà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ti Dunn ò ní, àmọ́ irin lórí okùn náà ni, ẹ fetí yín wọ̀n wọ́n.

Ti New Orleans ni kẹ́ ẹ fi ṣèkẹyìn. Oṣù kẹta 1936 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, ohùn Milton ṣì já gaara. Oṣù kẹrin ni jàǹbá mọ́tò mú un lọ, ọmọ ọdún 32.