Alẹ́ Ọjọ́ Tí Mo Lọ Gbọ́ Bodhrán Ní Dublin

Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí. Láti ìgbà tí mo ti dé Dublin ni ọkàn mi ti ń fà sí bodhrán, ìlù awọ ewúrẹ́ tí àwọn ará Írẹ́lándì máa ń gbé lé itan, tí wọ́n sì ń fi igi kékeré kan lù. Mo fẹ́ gbọ́ ọ níbi tí àwọn tó ni ín ti ń lù ú fún ìgbádùn ara wọn, wọ́n sì júwe Cobblestone fún mi, ilé ọtí kan ní àdúgbò Smithfield, ní àríwá odò Liffey.

Mo tètè dé. Kí n tó jókòó rárá, mo bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọtí ibi tí àyè wà fún mi, nítorí pé àwọn olórin ibẹ̀ kì í gun orí ìtàgé. Tábìlì kan ní igun ilé ni wọ́n máa ń yí ká, àlejò tí kò bá bèèrè sì lè lọ jókòó sórí àga onífèrè. Mo ra Guinness kan. Ẹni tó ń ta ọtí náà rọ ọ́ dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife, ó gbé e kalẹ̀ títí ìfófó fi yà kúrò lára ọtí, kí ó tó wá fi ìyókù kún un. Ẹni tó mọ Guinness inú ìgò tí wọ́n ti ń pọn ní Ìkẹjà láti ọdún 1962 yóò rí i pé ti Dublin rọ̀ jù ú lọ, kò sì korò tó o.

Obìnrin kan tó mú fiddle dání, ìbátan gòjé tó ní okùn mẹ́rin, ló dá orin sílẹ̀, àwọn onífèrè sì gbè é láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, láìsí ìwé orin níwájú ẹnikẹ́ni. Abala méjì ni ọ̀pọ̀ orin wọn ní. Wọ́n á tún abala kọ̀ọ̀kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yí odindi rẹ̀ po bí ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á sì já sínú orin mìíràn láìdánu dúró. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí rọra mi orí sí mi, mo sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Òun náà ló rán mi létí pé ní ọdún 2021, wọ́n fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀, àwọn olórin tú sí ìgboro, ìgbìmọ̀ ìlú sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Inú mi dùn gidigidi pé wọ́n kọ̀.

Onílù kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ó jẹ́ kí orin méjì kọjá kí ó tó bọ́ sí ìkẹta, ìfarabalẹ̀ yẹn sì wú mi lórí ju ìlù fúnra rẹ̀ lọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ awọ láti ẹ̀yìn, ohùn ìlù sì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń fún ọṣán gángan; àmọ́ bodhrán kì í sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ijó ló ń tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n sinmi, mo kí i, mo sì tọrọ àyè láti fọwọ́ kan awọ náà. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun máa ń fi omi díẹ̀ pa á lára bí ó bá gbẹ jù. Mo sọ fún un pé àwa a máa sá tiwa sí oòrùn kí ó lè dún. Ó ní kí n jókòó, kí n sọ ìyẹn yé òun dáadáa.