Ihò omi orí òrùlé àti ti ọkọ̀ ojú omi: ohun tẹ́ ò gbọ́dọ̀ ṣe sí i

Ẹ jọ̀ọ́, ihò tẹ́ ẹ máa ń rí nídìí ògiri kúkúrú tó yí òrùlé pẹrẹsẹ ká yẹn, kì í ṣe pé bíríkìlà gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ o, ibẹ̀ lomi òjò ń gbà jáde. Ti etí dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ ojú omi náà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Èyí tó ń dùn mí jù ni báwọn èèyàn ṣe ń dí i pa. Wọ́n á ní eku ń gbabẹ̀ wọlé, ẹyẹ ń kọ́lé síbẹ̀, ni wọ́n á bá po símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, òjò ńlá á wá rọ̀, omi á dúró. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: òrùlé tó gùn ní mítà 10 tó sì fẹ̀ ní mítà 10, tómi bá fi lè ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré lórí ẹ̀, tọ́ọ̀nù 10 lẹ gbé lé e lórí yẹn. Tó bá jẹ́ eku lẹ̀ ń sá fún, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, torí ewé bíi mélòó kan ti tó láti lẹ̀ mọ́ ìyẹn pa.

Àwọn mí ì á rí ihò kejì tó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á ní kí lèyí wà fún, wọ́n á dí i. Háà! Òun ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí ti ìsàlẹ̀ bá dí. Tẹ́ ẹ bá ti rómi tó ń ṣẹ́ tótó látinú ti òkè, ẹ tètè lọ wo ti ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ àti ewé ló wà níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu páìpù ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ògiri, kó yọ síta dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á máa ṣàn wálẹ̀ lára ògiri, ọ̀dà á máa bó.

Nínú ọkọ̀ apẹja ẹ̀wẹ̀, àwọ̀n àti àpótí ẹja ni wọ́n máa ń kó dí i. Ìgbì á da omi sórí dẹ́ẹ̀kì, omi ò ríbi gbà, bí ọkọ̀ bá ṣe ń fì lòun náà á máa wọ́ lọ síbi tí ọkọ̀ tẹ̀ sí, á wá túbọ̀ máa tì í lọ sílẹ̀, ọkọ̀ lè dojú dé bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé tí wọ́n bá ń rọ epo sínú ọkọ̀, wọ́n máa ń dí àwọn ihò yẹn kí epo tó bá dà sílẹ̀ má bàa dé inú òkun, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n á rọ epo tán ni wọ́n á gbàgbé ìdérí tí wọ́n fi dí i síbẹ̀. Ẹ ka iye ìdérí tẹ́ ẹ fi dí i, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ ti yọ gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú okùn ọkọ̀.