Bàálù kejì ò tíì gbéra: ṣé kí ẹ sáré lọ jẹ bọ́gà l'Ékòó, àbí kí ẹ jókòó?

Àjàó Estate ni mò ń gbé. Tí ọ̀nà bá dá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń dé ẹ́pọ́ọ̀tù, torí ẹ̀ gbogbo ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó bá ń gba Èkó kọjá lọ sókè òkun, èmi ni wọ́n máa ń pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń bá mi sọ: ẹ̀gbọ́n, mo ní wákàtí mẹ́fà kí bàálù kejì tó gbéra, ṣé a lè sáré lọ jẹ bọ́gà? Mo ti gbé èèyàn lọ tó gbádùn ẹ̀ gan-an, mo ti gbé èèyàn lọ tó kù díẹ̀ kí bàálù fi í sílẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn míì pé kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́. Bí mo ṣe ń ṣírò ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí.

Bọ́gà tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni Whopper ti Burger King. Kò yà mí lẹ́nu. McDonald's ò sí ní Nàìjíríà rárá, ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ tó ti ń rí Whopper lórí fóònù lójoojúmọ́, Èkó ló máa fojú sí. 2021 ni Burger King ṣí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, Victoria Island ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ pé àfi dandan kí àwọn sọdá sí Island. Whopper fúnra ẹ̀ ti pẹ́ láyé, Miami ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1957. Búrẹ́dì roboto tí wọ́n fọ́n yánmọtí sí lórí ni, pẹ̀lú ẹran màlúù tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì yan lórí iná, tòmátì, lẹ́tísì, àlùbọ́sà, kùkúḿbà tí wọ́n rẹ sínú fínígà, mayonnaise àti ketchup. Iná yẹn ló yà á sọ́tọ̀, torí orí irin pẹrẹsẹ ni ọ̀pọ̀ oníbọ́gà ti ń dín ẹran tiwọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni wákàtí yín o. Ká ní wákàtí mẹ́jọ ló wà láàárín bàálù méjèèjì. Kí bàálù Àkúrẹ́ tó balẹ̀, kí ẹrù tó jáde, kí ẹ tó rí mọ́tò wọ̀, ẹ yọ wákàtí kan kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ yọ wákàtí mẹ́ta, torí wákàtí mẹ́ta kí bàálù òkè òkun tó gbéra ló yẹ kí ẹ ti wà nídìí kántà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù ló sì ń ti kántà pa bó bá ku bíi wákàtí kan, tí wọ́n bá ti tì í, ẹkún ò lè ṣí i. Ohun tó kù jẹ́ mẹ́rin. Mẹ́rin yẹn ni tiyín, inú ẹ̀ ni àlọ wà, inú ẹ̀ ni àbọ̀ wà, inú ẹ̀ náà ni ìjẹun wà. Ẹni tó ní wákàtí mẹ́fà, méjì péré ló ní. Ẹni tó ní márùn-ún kò ní nǹkan kan tó yẹ kó gbé jáde, kó jókòó.

Ẹ má sì gbàgbé pé ibi tí bàálù abẹ́lé ń balẹ̀ sí àti ibi tí ti òkè òkun ti ń gbéra, wọn ò sí lójú kan. MMA2, tẹ́mínà bàálù abẹ́lé tí wọ́n ṣí ní 2007, wà níbìkan, tẹ́mínà tuntun ti òkè òkun tí wọ́n ṣí ní 2022 wà níbòmíì, mọ́tò lẹ máa wọ̀ láàárín wọn, ẹsẹ̀ ò gbà á pẹ̀lú ẹrù. Mo ti rí ẹni tó rò pé òun kàn máa rìn já ibẹ̀ ni, òógùn bò ó kó tó rí takisí.

Ọ̀rọ̀ ẹrù yìí gan-an ló máa ń pinnu ohun gbogbo, àwọn èèyàn kì í sì í rò ó. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà, bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ wa, ọwọ́ yín ni ẹrù yín máa padà sí, ẹ ò sì lè fi lé kántà òkè òkun lọ́wọ́ nígbà tí kántà ò tíì ṣí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé báàgì ńlá méjì tí ẹ̀wà, gàrí àti ẹ̀gúsí kún inú ẹ̀ lọ sílé bọ́gà? Tí ẹbí yín bá wá pàdé yín pẹ̀lú mọ́tò tiẹ̀, tí ẹnì kan sì lè dúró ti mọ́tò, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Tó bá jẹ́ Bolt tàbí Uber lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ má fi ẹrù sílẹ̀ sínú búùtù kí ẹ wọlé lọ jẹun, mo bẹ̀ yín, kódà kí dírẹ́bà jẹ́ ọmọlúàbí bí i kí ló dé. Ẹni tó bá ru báàgì ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló lómìnira.

Èyí tó bá jẹ́ páásìpọ́ọ̀tù òyìnbó nìkan ló ní lọ́wọ́, tó ń ti òkè òkun bọ̀ tó tún ń lọ sókè òkun, kó rí i dájú pé físà Nàìjíríà wà kó tó máa ronú àtijáde. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Wàyí o, ọ̀nà. Àárọ̀ ni Èkó máa ń ṣí lọ sí Island, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń ṣí padà wá sí mainland, torí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ń sùn yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jẹ bọ́gà ní Victoria Island lọ́sàn-án, àlọ ẹ̀ lè dùn bí oyin, àbọ̀ ẹ̀ ló máa bá gbogbo òṣìṣẹ́ pàdé. Third Mainland Bridge fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12, tí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá sì ti ká yín mọ́ orí omi, kò sí kọ̀rọ̀ tí ẹ máa yà sí, ibi tí mọ́tò iwájú bá wà lẹ máa wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi nìyẹn. Ọjọ́rú ni, bàálù ẹ̀ balẹ̀ láago mọ́kànlá, ti London máa gbéra láago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Mo ní ká lọ sí Ìkẹjà, ó ní rárá, Island lòun fẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ òun ti ya fọ́tò níbẹ̀. Mo gbà fún un torí mi ò mọ ìgbà tí mo tún máa rí i. A dé Island kí aago kan tó lù dáadáa, a jẹun, ó ya fọ́tò, inú ẹ̀ dùn débi pé ó ra méjì sí i, ó ní òun máa jẹ ẹ́ kí wọ́n tó pè wọ́n sínú bàálù. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ la kúrò. Ní kòńgẹ́ Adékúnlé lórí afárá ni gbogbo nǹkan dúró, mọ́tò kan bà jẹ́ níwájú, ojúmọ́ ọ̀la sì ni mo rò pé ó máa mọ́ bá wa níbẹ̀. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn gbé àpò bọ́gà yẹn lé itan, ó ń wo aago. Nígbà tí a dé Òwòròǹṣòkí ó ní ká kúkú jẹ ẹ́. Ó tú bébà ẹ̀, búrẹ́dì abẹ́ ti rẹ̀ sódò bí ẹ̀kọ tí omi kàn, ìka ẹ̀ wọnú ẹ̀ lọ, lẹ́tísì ti rọ, ṣíìsì ti le gbagidi mọ́ ẹran. Ó pa á dé padà. Ó dé kántà nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí wọ́n tì í. Mo dúró síta, ọkàn mi ń lù kìkì títí tó fi pè mí pé òun ti gba boarding pass.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé bọ́gà kì í ṣe oúnjẹ ìrìnàjò. Ooru ẹran máa ń yọ ọ̀rinrin, bébà tí wọ́n fi wé e ò jẹ́ kó jáde, inú búrẹ́dì ló máa padà sí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ohun tí ẹ tìtorí ẹ̀ jáde ti lọ. Ànàmọ́ díndín ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ti ń rọ̀. Nítorí náà tí ẹ ò bá ní àyè láti jókòó síbẹ̀ kí ẹ jẹ ẹ́ gbígbóná, ẹ má lọ. Àsáréra tí ẹ máa wá jẹ ní ẹ́pọ́ọ̀tù, owó lẹ dà nù.

Ìkẹjà ni mo máa ń gbé èèyàn lọ báyìí, tí ẹni náà bá ní wákàtí méjì ààbọ̀ ó kéré tán lẹ́yìn ìṣírò yẹn. Láti MMA2, ẹ bọ́ sí Mobolaji Bank-Anthony, ẹ lè yà sí GRA lọ́nà Isaac John, tàbí kí ẹ lọ sí Allen àti Òpèbí, tàbí kí ẹ dé Ikeja City Mall ní Àlàùsá, tó ti wà níbẹ̀ láti 2011. Ilé oúnjẹ pọ̀ lọ súà láwọn ibẹ̀ yẹn, oníbọ́gà náà ò wọ́n. Ẹ wo máàpù nínú fóònù kí ẹ tó jáde, ẹ wo ẹ̀ka tó súnmọ́ jù lọ, kí ẹ sì pè wọ́n bóyá wọ́n ṣí, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ló ń ṣí ní kùtù. Tí ọ̀nà Ìkẹjà bá sì dí, ẹ ṣì lè sọ̀ kalẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́, ẹ lè gba àdúgbò yọ, ohun tí kò ṣeé ṣe lórí afárá nìyẹn.

Ẹ má gbójú lé ọ̀kadà o. Láti oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin dè é nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà wà níbẹ̀, Etí-Ọ̀sà tí Victoria Island wà nínú ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì London lápò, ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé ẹ̀? Àwọn kan tún máa ń bi mí nípa ọkọ̀ ojú irin Red Line. Ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, láti Agbádó ló ti ń bọ̀, ó ń dúró ní Ìkẹjà àti Òṣòdì, ṣùgbọ́n Oyíngbò ló ń parí sí, kì í bá yín sọdá sí Island.

Ìgbà wo wá ni Island dáa? Tí ẹ bá máa sùn Èkó mọ́jú. Tàbí tó bá jẹ́ àárọ̀ Sunday tí bàálù yín máa gbéra lálẹ́, torí ọ̀nà máa ń ṣófo láàárọ̀ Sunday, ẹ lè ti ẹ́pọ́ọ̀tù dé Victoria Island láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ọjọ́ Friday, rárá. Ọjọ́ òjò, rárá, pàápàá láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje, omi máa ń gba títì ní Victoria Island, mọ́tò kékeré á sì kú sínú ẹ̀.

Tí ẹ bá béèrè bóyá Whopper tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu tèmi, ó dùn, mo máa ń jẹ ẹ́ tán, ẹran ẹ̀ tóbi, òórùn èéfín yẹn máa ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ sùúyà dàgbà, èéfín lára ẹran kì í ṣe nǹkan tuntun sí wa, ẹnu wa á tún máa wá ata. Ó tó ohun tí èèyàn ń yà sí Ìkẹjà fún. Kò tó ohun tí èèyàn ń sọdá afárá fún láàárín bàálù méjì. Tó bá jẹ́ ọmọdé ló wà pẹ̀lú yín tó ti ń dárúkọ ẹ̀ láti oṣù tó kọjá, ìyẹn yàtọ̀, ẹ ṣètò ẹ̀ dáadáa kí ẹ sì mú un lọ.

Tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ tètè béèrè fún un kí ẹ tó wá ìjókòó, kí ẹ sì sọ pé inú ilé lẹ ti máa jẹ ẹ́, kí wọ́n má wé e bí ti ẹni tó ń lọ sílé. Ẹni tí kò bá fẹ́ mayonnaise kó sọ ọ́ ní kántà, kó má dúró dìgbà tó bá ṣí i. Ẹ mú káàdì, ẹ mú owó pépà díẹ̀ pẹ̀lú, nẹ́tíwọ́kì POS lè dá yín dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ ò ní. Ẹ fi álààmù sí fóònù fún àkókò tí ẹ máa dìde, tó bá dún, ẹ dìde, kódà kí bọ́gà ku ìdajì. Tí ẹ bá sì ń lọ sídìí mọ́tò, àkókò yẹn náà kọ́ lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Bolt, ẹ pè é nígbà tó bá ku gígé méjì mẹ́ta.

Àwọn tí wákàtí wọn ò tó, ebi ò ní pa yín. Àǹtí mi kan gba Èkó kọjá lọ sí Houston lọ́dún tó kọjá, wákàtí mẹ́rin péré ló ní, mo kàn gbé mọ́ínmọ́ín elewé márùn-ún lọ pàdé wọn. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ mú mi ní Máfólúkù fún ogójì ìṣẹ́jú, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú ewé àkọ́kọ́, èéfín ṣì ń yọ, ẹja titus inú ẹ̀ ṣì rọ̀. Àwọn èèyàn tó jókòó nítòsí ń wò wá. Wọ́n jẹ mẹ́ta, wọ́n fún obìnrin kan tó ń tún ilẹ̀ ṣe ní ọ̀kan, wọ́n ká ewé eléyìí tó kù padà.

Ohun kan ṣoṣo tó kù, bóyá bọ́gà lẹ jẹ o, bóyá mọ́ínmọ́ín: ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó mú páásìpọ́ọ̀tù. Mo ti rí èyí tí epo rin ojú ewé físà ẹ̀, àwọn tó wà ní kántà yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó dá a padà fún un.