Àṣìṣe tó ń jẹ owó yín tẹ́ ẹ bá ń wá ìdílé alágbàṣe oko ní England ayé Ọbabìnrin Victoria

Sẹ̀tífíkéètì ìbí, ìgbéyàwó tàbí ikú kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ GRO (General Register Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní England) ti lé ní pọ́n-ùn mẹ́wàá báyìí, ẹ wá wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rà á bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Wọ́n á ra jọ, wọ́n á wá kọ̀wé sí mi, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wò ó, bàbá ńlá yìí ò jáde." Báwo ló ṣe fẹ́ jáde? Àwọn tó ń kọ ọ́ pọ̀ jù ni àwọn tó fẹ́ òyìnbó bíi tèmi, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìran bàbá ẹ̀, ìran ọ̀hún sì rèé, alágbàṣe oko ni wọ́n láti Suffolk tàbí Norfolk, àwọn county (ìpínlẹ̀) ní ìlà oòrùn England, àwọn tí akọ̀wé ìkànìyàn ò tiẹ̀ ráyè kọ iṣẹ́ wọn tán, "Ag Lab" (agricultural labourer, alágbàṣe oko) ló kọ sí i, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọkọ mi ní mo mọ àwọn òkú ìdílé òun ju àwọn alààyè lọ. Kò parọ́, àwọn òkú kì í pe èèyàn ní fóònù lálẹ́ Sunday.

Mo gbà pé ẹ ti mọ̀ pé July 1, 1837 ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àti pé ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń kànìyàn. Ẹni tí ò bá mọ ìyẹn, kó lọ kà á ná kó tó fọwọ́ kan káàdì báńkì ẹ̀.

1. Ẹ yéé ra coat of arms, àmì oyè tí wọ́n ń yà sórí apata. Wọn kì í fún orúkọ ìdílé ní coat of arms ní England, èèyàn ni wọ́n ń fún, àwọn àtọmọdọ́mọ ẹni yẹn ló sì ń jogún ẹ̀. Alágbàṣe tó ń gba ṣílè díẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe?

2. Ẹ má da fámílì tríì (àwòrán ìran ìdílé) ẹlòmíì kọ. Mo ti rí èyí tí ìyá ti bímọ lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín, àìmọye èèyàn ló sì ti dà á kọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè.

3. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Orúkọ lásán lẹ fi ń ra sẹ̀tífíkéètì! Bọ̀dá kan ń wá William kan, bàbá ńlá ìyàwó ẹ̀. Ìkànìyàn 1881 ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ní Suffolk. Bọ̀dá rí William, ó rà á. Ilé ibòmíì ni. Ó rí òmíì, ó tún rà á, ìyẹn náà ò bá mu. Ìgbà tó yá ó rí ọ̀kan tí wọ́n bí ní 1849, orúkọ bàbá bá mu, ti ìyá bá mu, abúlé bá mu. Inú ẹ̀ dùn, ó pe àwọn àna ẹ̀, ó gbé sẹ̀tífíkéètì sínú fúrémù. Mo ní bọ̀dá, ṣẹ́ ẹ ti wo ìwé ikú? Kò wò ó. William yẹn ò pé ọmọ ọdún kan tó fi kú. Àwọn òbí ẹ̀ bí ọkùnrin míì ní 1852, wọ́n tún sọ ọ́ ní William, èyí yẹn ló dàgbà tó bímọ. Òyìnbó abúlé ìgbà yẹn ṣe èyí gan-an, ọmọ á kú, wọ́n á fún èyí tó tẹ̀lé e lórúkọ kan náà. Ẹni tí ò mọ̀ á kàn máa gbé òkú ọmọ ọwọ́ káàkiri bíi bàbá ńlá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀fẹ́ ni ohun tí ì bá gbà á lọ́wọ́ gbogbo ìnáwó yẹn. Sáìtì GRO fúnra ẹ̀ ní índẹ́ẹ̀sì (àtòjọ orúkọ) ìbí àti ikú, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ láti wò ó. Nínú índẹ́ẹ̀sì yẹn, orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó lọ́kọ wà níbẹ̀ láti 1837. Índẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ sáìtì yòókù ń lò, láti oṣù mẹ́ta tó parí ní September 1911 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ ìyá sí i. Ṣẹ́ ẹ wá rí ìyàtọ̀ ẹ̀? Ẹ tẹ orúkọ ìdílé, ẹ tẹ orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó lọ́kọ, ẹ tẹ district (agbègbè tí wọ́n ti forúkọ ọmọ sílẹ̀), ẹ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lófìfo, ẹ máa sún ọdún síwájú sẹ́yìn, gbogbo ọmọ tí obìnrin kan bí á tò kalẹ̀ níwájú yín bí ẹni to ọmọ sórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí apá ikú, ọjọ́ orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ wo àwọn tó kú ní ọdún òdo, ọdún kan, ọdún méjì. Ẹ yọ wọ́n kúrò. Àwọn tó ṣẹ́ kù lẹ máa bá lọ sínú ìkànìyàn. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, bọ̀dá sì ti ná owó ọjà oṣù kan!

Tẹ́ ẹ bá wá rí dáàṣì níbi tó yẹ kí orúkọ ìyá wà, ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ìyá ò tíì lọ́kọ nígbà tó bí i ni, orúkọ tiẹ̀ lọmọ ń jẹ́.

Tó bá wá di dandan láti ra, fọ́tò ìwé ìbí àti ti ikú wà lọ́dọ̀ GRO fún ọ̀pọ̀ ọdún Victoria, ó sì dínwó gan-an sí ìwé gidi. Ti ìgbéyàwó ò sí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì rà á ná. Ìwé tí ìyàwó àti ọkọ fọwọ́ sí wà nínú rẹ́jísítà ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé county sì ti ya púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ ló wà ní GRO, àmì X tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, èyí tí ẹni tí ò mọ̀wé fi ń fọwọ́ síwèé, ẹni tó dà á kọ ló fà á, kì í ṣe bàbá yín.

Ìkẹrin (àbí ìkarùn-ún la wà, ẹ ṣáà máa bọ̀), ẹ̀ ń pa ọkùnrin tí ò kú. Ìkànìyàn ọjọ́ kẹta oṣù April 1881, ìyàwó wà ní abúlé Suffolk, wọ́n kọ "wife" síwájú ẹ̀, kò sí ọkọ lókè orúkọ ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ lẹ ti kọ ọ́ sí tríì yín pé ọkọ ti kú tàbí ó ti sá. Sùúrù! Nígbà yẹn, tí ìkórè bá ti tán, tí iṣẹ́ oko dín kù, ọ̀pọ̀ ọkùnrin Suffolk àti Norfolk máa ń wọ rélùwéè lọ sí Burton upon Trent ní Staffordshire, wọ́n á lọ máa sọ ọkà bálì di malt fún àwọn ilé ìpọntí bíà títí ooru fi máa dé, wọ́n á wá padà sílé. Ó lè jẹ́ inú yàrá háyà ní Burton ni bàbá yẹn sùn lálẹ́ ìkànìyàn, òun àti àwọn ará abúlé ẹ̀ méjì mẹ́ta. Ẹ wá a níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sin ín.

Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ máa pariwo pé wọn ò bí ẹnì kan sí county yín. District ìforúkọsílẹ̀ ò bá ààlà county lọ. Buckinghamshire ni Long Crendon wà, Thame tó wà ní Oxfordshire ni wọ́n ti ń forúkọ ọmọ ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ wo máàpù.

1841: ẹni tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sábà máa ń gé ọjọ́ orí ẹ̀ wálẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún. Ọgbọ̀n lè jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wọn ò sì kọ ohun tí ẹnì kan jẹ́ sí ẹnì kejì nínú ilé, torí náà ọmọ tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n.

"Full age" nínú ìwé ìgbéyàwó, ọdún mọ́kànlélógún sókè ni. Kì í ṣe ọdún mọ́kànlélógún gẹ́lẹ́.

Bloomfield, Blomfield, Blumfield, ọ̀kan náà ni. Bàbá ò mọ̀wé, akọ̀wé kọ ohun tó gbọ́.

Lórí àwọn ọmọ tí ò ní bàbá nínú ìwé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí ṣàánú wọn lórí tríì yín, ẹ ṣiṣẹ́. Ẹ wo orúkọ àárín ọmọ náà. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tí orúkọ àárín ẹ̀ dà bí orúkọ ìdílé ẹlòmíì, ìyá ẹ̀ lè ti sọ bàbá ọmọ fún gbogbo abúlé láìdárúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ lọ wá ìdílé tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ládùúgbò. Tí ọmọ náà bá wá gbéyàwó tó kọ orúkọ bàbá kan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ fura sí i, ìgbà míì bàbá ìyá ẹ̀ ni, ìgbà míì kò sí ẹni bẹ́ẹ̀ rárá, ojú ló ń tì í níwájú àlùfáà.

Ọ̀pọ̀ láíbrárì ní England ń jẹ́ kẹ́ ẹ lo Ancestry tàbí Findmypast, àwọn sáìtì ìwádìí ìdílé tí wọ́n ń sanwó fún, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn, torí náà ẹ yéé sọ fún mi pé owó oṣooṣù ló pọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kọ̀wé sí mi, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tẹ́ ẹ rí, òkú àti alààyè, pẹ̀lú abúlé tí wọ́n ti bí kálukú. Ẹni tó bá fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ránṣẹ́, mi ò ní dá a lóhùn.