Àṣìṣe Tó Ń Ba Bátìrì Sóláà Ìta Jẹ́

Kí bátìrì iná sóláà tó wọ àpótí tó ń gbé níta rárá ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àpótí dúdú la rà, ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn la sì kàn án mọ́. Ní Ìlọrin, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ooru abẹ́ ibòji nìkan máa ń kọjá 35°C. Inú àpótí dúdú tí oòrùn ń pa lè ju 50°C lọ. Ọ̀pọ̀ bátìrì lithium ni kò yẹ kó gba iná mọ́ bí ara rẹ̀ bá ti kọjá 45°C, ọ̀sán gangan sì ni pánẹ́ẹ̀lì ń rọ iná sí i lára. Ibẹ̀ ló ti ń wú. Bátìrì ásíìdì (irú ti mọ́tò) náà kò yọ nínú rẹ̀: bí ooru bá fi 10°C ju 25°C lọ, ẹ̀mí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ kun àpótí ní ọ̀dà funfun, kí ẹ gbé e sábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì, àmọ́ kó má kan ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì náà gbóná. (Ẹni tó ń bẹ̀rù ọyẹ́ ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó di ìsàlẹ̀ 0°C kí òtútù tó ba gbígba iná jẹ́.)

Èyí tó léwu jù ni pípààrọ̀ bátìrì láìwo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iná sóláà òpópónà ló ń lo oríṣi lithium tó jẹ́ fóltì 3.2, tó ń kún ní 3.65. Èyí tí wọ́n ń yọ lára láptọ́ọ̀pù àlòkù jẹ́ 3.6 tàbí 3.7, ó ń kún ní 4.2. Bí ẹ bá fi ti láptọ́ọ̀pù sínú iná tí wọ́n ṣe fún 3.2, kò ní kún, iná á kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá fi bátìrì 3.2 sínú iná tí wọ́n ṣe fún ti láptọ́ọ̀pù, fóltì 4.2 á wọ ara rẹ̀, á sì wú. Ẹ má sì so tuntun mọ́ àlòkù.

Àwọn kan ń fi sílíkọ́ọ̀nù dí gbogbo ihò nítorí òjò. Bátìrì ásíìdì ń tú háídrójìn, afẹ́fẹ́ tó ń gbiná, jáde bó bá ń gba iná. Iná wẹ́rẹ́ kan tó, àpótí á bú. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́ lókè lábẹ́ ìdérí, torí òkè ni háídrójìn ń lọ, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí wọn nítorí agbọ́n àti ọmọńlé. Ìsàlẹ̀ náà ni kí wáyà gbà wọlé, kó rọ̀ díẹ̀ kó tó wọ ihò, kí omi lè kán sílẹ̀.

Fíúsì, ohun tó ń já bí iná bá pọ̀ jù: ẹ̀gbẹ́ pósítíìfù bátìrì gan-an ni àyè rẹ̀. Iná wáàtì 30 lórí fóltì 12 ń fa áḿpù 2.5, fíúsì áḿpù 5 tó o. Ẹ má fi fọ́nrán wáyà dípò rẹ̀.

Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Ẹ gbé e sórí yanrìn níta, jìnnà sílé, títí ẹ ó fi gbé e fún ẹni tó ń ra bátìrì àlòkù.